Écran Tó Ń Dán, àti Ojú Ìyá Ọkọ Mi

"Ta ló sọ fún ọ?" Ìbéèrè tí ìyá ọkọ mi bi mí nìyẹn. Wọn kò pariwo. Orí ẹní ni wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Kambolé, fọ́tò tí mo tún ṣe fún wọn wà lórí itan wọn. Mo ní, "Sọ kí ni, Ìyá?" Wọ́n da ojú fọ́tò náà dé orí ẹní, wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò, nítorí ohun tó da àárín èmi àti obìnrin yẹn rú kò ju écran kan lọ, ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe.

Ẹ má rò pé ìyá ọkọ tó ń ni ìyàwó ọmọ lára ni wọ́n o. Nígbà tí mo wọlé wọn, n kò lè kọ orúkọ ara mi. Àwọn ló ní kí n lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, àwọn náà ló ń pọn àkọ́bí mi kí n lè ráyè di bíròó mú. Bí àwọn ará ilé bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ń lọ sílé ìwé, wọ́n á ní, "Ẹ fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ o jàre. Ó fẹ́ mọ̀wé kó lè máa ka àṣírí yín sí mi létí ni!" Ọ̀rẹ́ mi! Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Ìyá ọkọ mélòó ló ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó yá, ọkọ mi kó wa wá sí Komah, àdúgbò kan ní ìlú Sokodé, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, èmi sì kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́wọ́ bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Tem, tí gbogbo wa ń pè ní Patron, ìyẹn ọ̀gá. Mo kọ́ṣẹ́ tán, ó ku kí n ní écran tèmi. Patron kìlọ̀ fún mi pé, "Ìyá Ràṣídì, tó o bá dé ibẹ̀, má kàn dúró síwájú écran kó o máa rẹ́rìn-ín sí i o. Kí wọ́n gbé ojú èèyàn síbẹ̀. Wò ó láti ọ̀tún, wò ó láti òsì, kó o wá lóṣòó, kó o wò ó láti ìsàlẹ̀. Tí àwọ̀ èèyàn yẹn bá ń yí padà, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù."

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù láti Yúróòpù, écran méjì ló gbé síwájú mi. Ọ̀kan nípọn, ó ṣú, ó dà bí ohun tí wọ́n gbé jáde láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì pa. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ọkùnrin náà ní, "Madame, ẹ wo iná lójú eléyìí! Èyí àkọ́kọ́ yẹn, àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú ẹ̀ fún." Mo rántí ọ̀rọ̀ Patron. Mo wẹ̀yìn: àwọn ọkùnrin márùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mu tíì, ojú gbogbo wọn wà lára mi. Ṣé èmi obìnrin ilé Mùsùlùmí, tí mo pọn ọmọ, ni n óò wá lóṣòó láàárín ọjà, kí n máa yọjú wo écran láti ìsàlẹ̀? Ojú tì mí. Mo dúró ṣánṣán, mo nàka sí èyí tó ń dán.

Nínú yàrá wa, mo gbé écran náà sórí àpótí ńlá kí ọwọ́ ọmọ má baà tó o, nítorí ẹ̀rù ohun gbogbo ló ń bà mí lórí ọmọ yẹn, ẹ̀rù iná, ẹ̀rù wáyà. Èmi fúnra mi wá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, bí mo ṣe máa ń jókòó sílẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ mi, ọmọ ń mu ọyàn, ọwọ́ mi kan wà lórí súrì, eku kọ̀ǹpútà. Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ojú ló ṣókùnkùn. Màá fi iná kún un, màá tún fi kún un. Bí fọ́tò bá ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé, ojú àwọn oníbàárà mi á mọ́ ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Ǹjẹ́ wọ́n bínú? Rárá o! Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń pariwo pé, "Tantie, ẹ ti sọ mí di ọmọ Paris!" Inú mi dùn. Mo ní écran mi dáa.

Ìgbà náà ni ọkọ mi ní kí n ṣe fọ́tò ńlá kan fún ìyá òun, tí wọn óò gbé kọ́ ní pálọ̀ kí ọdún Iléyá tó dé. Obìnrin tó dúdú dáadáa ni wọ́n. Mo yà wọ́n bí wọ́n ṣe káwọ́ lé itan. Lójú écran mi, n kò rí ojú wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi iná sí ojú, mo tún fi sí i. N kò fọwọ́ kan ọwọ́ wọn, ta ló ń wo ọwọ́? Mo dúró gba fọ́tò náà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, mo wọkọ̀ gba Tchamba kọjá dé Kambolé, n kò tilẹ̀ tú u wò lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n tú níwájú mi ni obìnrin tí ojú rẹ̀ pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tí oríkèé ìka rẹ̀ sì dúdú kirikiri, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bóra. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Bí mo ṣe fẹ́ padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Ó dàbọ̀, ìyàwó." Ìyàwó! Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ "ọ̀rẹ́ mi" lẹ́nu wọn mọ́.

Mo sunkún lọ bá Patron. Ó bá mi délé, ó wo écran, ó wo ẹní mi nílẹ̀. Ó ní, "Dìde." Mo dìde, ojú tó ṣókùnkùn lójú écran sì mọ́ kedere níwájú mi. "Jókòó." Mo jókòó, ó tún ṣú. Ó mi orí, ó ní, "Ohun tí mo ní kó o ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́jà, ojoojúmọ́ lò ń ṣe é nínú ilé, o kò sì mọ̀." Mo wá àga gíga. Mo tún fọ́tò náà ṣe, ó jọ wọ́n débi pé ọkọ mi kí i. Mo gbé e lọ sí Kambolé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé écran, mo ṣàlàyé ẹní. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "O ṣeun, ìyàwó," wọ́n sì fi í sínú àpótí aṣọ wọn. Ṣé wọ́n gbà mí gbọ́? Ta ni ì bá gbà gbọ́ pé ìjókòó èèyàn lè yí àwọ̀ èèyàn padà? Ọdún kò yí po tí wọ́n fi dolóògbé.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kọ́ irú iṣẹ́ mi, tí ẹ bá fẹ́ yan écran, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin fi yín rẹ́rìn-ín, kí ẹ lóṣòó. Ibi tí ẹ máa ń jókòó sí nílé ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ̀rín wọn ò ní pẹ́ tán. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi kò tíì tán.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ tí Ìyá kú, àbúrò wọn obìnrin tó wá láti Bago fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní nígbà tí Ìyá jẹ́ ìyàwó tuntun, wọ́n bóra nítorí orogún, títí oòrùn oko iṣu fi bó wọn lójú yánnayànna, tí gbogbo ilé fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n jáwọ́, wọ́n mú kí gbogbo ilé búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ wọn tàbí fún ìyàwó ọmọ wọn láé, wọ́n sì fi fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà nígbà náà sínú iná, èyí tí ojú wọn ti pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tí ọwọ́ tí wọ́n ká lé itan sì dúdú.