Èlé Tí Wọ́n Sọ Ní Ìdúpẹ́

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ òní, kí ẹni tí oorun bá gbé lọ lábẹ́ fáànù yẹn lè ti mú tirẹ̀ dání: ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàráàmù, orúkọ tuntun kò lè sọ ọ́ di hàláàlì. Ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ sọ ní àgbò, ẹ fi ṣe Iléyá, ká wo ẹni tó máa bá yín jẹ ẹ́.

Ọkùnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, Dókítà Mùkáílà. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, ti yunifásítì ni. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí àwọn olóṣèlú àti olówó ṣe ń fi èlé, tí Kùránì pè ní ribá, wọlé sáàárín àwa Mùsùlùmí. Tó bá ń sọ ọ́, àwa àfáà á máa wo ilẹ̀. Òun náà sì ni lèmọ́mù àdúgbò rẹ̀.

Onọ́rébù Bùsàírì, tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú, wá a wálé.

"Dókítà, àwọn Mùsùlùmí kò yá owó wa mọ́. Wọ́n ní èlé wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ bá wa wá orúkọ mìíràn fún un. Ìwé ìwádìí yín yẹn ńkọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sówó."

"Owó wà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tiyín lè má jẹ́ ìwé, ó lè jẹ́ mọ́tò. Dókítà ronú, ó ní, "Ẹ máa pè é ní ìdúpẹ́. Ẹni tó yáwó dá owó padà, ó wá fi díẹ̀ dúpẹ́." Bí wọ́n ṣe fi owó ribá tẹ ìwé tó bú ribá nìyẹn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dára púpọ̀.

Ìyá Sìnótù, opó tó ń ta òwú fún àwọn tó ń hun òfì, gbọ́ pé lèmọ́mù fọwọ́ sí i, ló bá yáwó ra òwú. Ọjà kùtà. Ó dá gbogbo owó tó yá padà, wọ́n ní ó ku ìdúpẹ́. Ìdúpẹ́ bí ìdúpẹ́, wọ́n bá yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ, nígbà òjò.

Dókítà gba iwájú ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Màmá jókòó sínú òkùnkùn ilé tí kò nílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́."

Kí ni Yorùbá tún ń dáhùn yàtọ̀ sí ìyẹn? Ṣùgbọ́n orí Dókítà wú. Ó yí ọ̀nà padà. Ó kí alápatà: "A dúpẹ́." Ó délé, ó kí ìyàwó rẹ̀: "A dúpẹ́." Ohùn màmá yẹn ló ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn.

Ó di ìrun Mọ̀gàríbì. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní Allaahu Akbar, ó lanu: "Alhamdu..." Ó dákẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní "Subhaanallaahi," bí a ṣe ń ta lèmọ́mù lólobó. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Alhamdu..." Kí ni alhamdu? Ṣebí ọpẹ́ ni? Ǹjẹ́ ìrun wà láìsí Fátíhà, tó fi alhamdu bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta fún àwọn obìnrin, ẹnì kan húkọ́, ikọ́ òjò. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ó fà sẹ́yìn, ó ti ẹlòmíràn síwájú.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ bèèrè ilẹ̀kùn màmá ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Akọ̀wé ní, "Ìdúpẹ́ rẹ̀ ṣì kù."

"Èlé ni. Pe orúkọ rẹ̀."

Ó gbé ilẹ̀kùn náà rù. Àwọn èèyàn ń bi í lójú ọ̀nà, "Dókítà, kí lẹ rù yẹn?"

"Ìwádìí mi ni."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án padà, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí."

Màmá wo ilẹ̀kùn, ó wo ojú rẹ̀. "A dúpẹ́, Dókítà." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Títí dòní, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni Dókítà ti ń kírun. Kò mọ̀ bóyá màmá ti forí jì í, tàbí ìdúpẹ́ yẹn ni màmá ṣì ń san.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ tiyín ní? Ọlọ́hun, má jẹ́ kí ọpẹ́ Rẹ há sí wa lọ́fun. Ilẹ̀kùn ẹni tí a bá ti yọ, fi ọ̀nà ilé rẹ̀ hàn wá, kí ikú tó kan tiwa. Àmín.