Omi Tí Mo Dà Nù Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé ìjẹ́wọ́ dání ti fura, kó tó ka ìlà kejì, pé ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ kò ṣì í. Iná tó jó ilé wa ní Adó-Èkìtì lọ́dún 1931, èmi Ọlátúbọ̀sún ni mo dá a, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru bàbá mi, Ajíbádé alágbẹ̀dẹ. Ó di ọdún méje tí mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, tí mo sì ń yin ara mi pé mo mọ nǹkan pa mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ni àyà ti ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ ti ń tẹ̀lé ikọ́ mi, ọkùnrin tó ń fún wa lóògùn ní dípẹ́ńsárì kì í sì í wo ojú mi mọ́ tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ti ikú nìkan. Bí ẹnì kan bá ṣá ìṣáná nítòsí mi, mo ti sá bọ́ síta. Ìta ni Àtinúkẹ́ ìyàwó mi ti ń tan àtùpà kó tó gbé e wọlé.

Èkó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ jíjó irin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí mo padà dé, kò sí ẹlòmíràn ní Adó tó lè fi iná so irin méjì pọ̀ láìlo òòlù, mo sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Awò dúdú tí a fi ń bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀ iṣẹ́, mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ́ ilé mọ́tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé mi nígbà tí n kò tíì ní kẹ̀kẹ́ pàápàá. Páànù ni mo fi bo òrùlé iwájú ilé, nítorí àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀yìn tí àlejò kì í dé, ewé gbọ̀dọ̀gì ló wà níbẹ̀. Bàbá wá wò ó, wọ́n yí i po, wọ́n ní, "Túbọ̀sún, ulé ọkọ̀ rèé. Ọkọ̀ dà?"

Inú ilé mọ́tò yìí ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Àpò kòkó tí àwọn kan fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi wà níbẹ̀, agolo epo wà níbẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì là á kúrò lára yàrá tí a ń sùn. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò l'Ékòó. Ó ní táǹkì tí pẹtiróòlù kún inú rẹ̀ kò léwu tó èyí tó ṣófo, nítorí oru epo tí ojú kò rí ṣì wà nínú òfìfo yẹn. Ó ní kí n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n wá rọ omi tútù kún un, kí ó ku kìkì ibi tí iná yóò kàn. Ó ní kí n má ṣe jó irin níbi tí ohun gbígbẹ wà, kí omi àti yanrìn má sì jìnnà sí ọwọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Mo há a sórí, mo sì máa ń kà á fún àlejò. Kíkà yẹn dùn lẹ́nu mi ju ṣíṣe rẹ̀ lọ.

Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kàn gbé ọpọ́n ìrókò kan wá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń pa irin gbígbóná ní àgbẹ̀dẹ tiwọn lódìkejì àgbàlá. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé mọ́tò, wọ́n pọn omi kún un, wọ́n da yanrìn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá wò ó bóyá omi rẹ̀ ti fà, wọn á sì kí Ògún lórí rẹ̀ kí wọ́n tó padà. Ìkíni yẹn ni kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí. Akọ̀wé ìjọ ni mí. Kí ni ará ìjọ yóò wí tí wọ́n bá bá omi òrìṣà lẹ́nu ọ̀nà mi? Mo rọra sọ fún Bàbá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Uná kì í bi èèyàn bóyá ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí omi wà ńbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ ni wàhálà dé. Ìbítóyè, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó kòkó ní Ìgèdè, gbé táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ó ń jò. Ó ní bí mo bá lè jó o kó tó di Sátidé, èmi ni n ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí a bá ń wọ ìlú lọ́jọ́ ìkórè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àga ilé dánra wò bí n ó ṣe gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé ọkọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá wá sọ fún mi pé Bámgbóyè, àgbà nínú àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa, ti kú. Mo ní kí wọ́n bá mi kí àwọn ẹbí rẹ̀, pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. N kò gbé ojú sókè.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, kátíkíìsì ìjọ wa ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ wá wo iṣẹ́ ìgbàlódé. Kó tó dé, mo da omi Bàbá nù. Mo gbá yanrìn lọ sẹ́yìn ilé, mo dojú ọpọ́n dé, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e, orí rẹ̀ ni kátíkíìsì jókòó sí. Mo ka òfin ọ̀gá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mi orí, ó ní ẹ̀kọ́ dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má bi mí bóyá òòlù ń dún ní àgbẹ̀dẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ etí mi pé kó má gbọ́ ọ mọ́.

Fífọ táǹkì yóò gbà mí di ọ̀sán. Mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo fi imú sí i, mo ní ó ti gbẹ. Àtinúkẹ́ wà ní yàrá, oyún àkọ́bí wa, Olúfúnṣọ́, ti pé oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ó béèrè láti ẹ̀yìn ògiri bóyá mo ti rọ omi sí nǹkan náà bí mo ṣe máa ń wí fún àlejò. Mo ní mo ti rọ ọ́. Mo tan iná, mo sún un mọ́ ibi tó ń jò. Táǹkì mí. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Ó mí sínú bí ẹni tó fẹ́ ké, mo sì mọ̀, láàárín ìmí kan ṣoṣo yẹn, gbogbo ohun tí ọ̀gá mi wí, ní Yorùbá. Ó wá bú.

Nígbà tí ojú mi tún ríran, iná ti mú àwọn àpò kòkó, ó ti ń gba òkè lọ sídìí ewé gbọ̀dọ̀gì. Mo yíjú wá omi. Ọpọ́n wà níbẹ̀ ní ìdojúdé, pẹ̀lú aṣọ funfun lórí rẹ̀. Àtinúkẹ́ ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: mo sá. Mo sá dé ojú títì, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú.

Bàbá ló wọlé. Ìdí ọpọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ sáré sí. Mo ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n yí i padà tí wọ́n bá a ní gbígbẹ. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan níbi tí mo dúró sí, wọ́n sì wọ inú èéfín lọ. Igi òrùlé kan ti wó dí ẹnu yàrá, ó ń jó lọ́wọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbé e kúrò, tí wọ́n fi gbé ìyàwó mi jáde. Láti ọjọ́ náà, ìka wọn kò ká mọ́ òòlù mọ́.

Ẹ ó rò pé mo ti kọjá ibi tó burú jù. Ó kù. Ní Sátidé, a péjọ sí àgbàlá: ẹbí, ará ìjọ, àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ. Ìbítóyè béèrè ohun tó ṣe táǹkì òun. Gbogbo ojú yí sí mi. Pátákó tí mo kọ orúkọ iṣẹ́ mi sí wà níwájú mi, iná kò jó o, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ iná lọ. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi, ó rọlẹ̀, ó ń sọ Yorùbá inú ìwé. "Iná ló ta láti àgbẹ̀dẹ Bàbá, ó bà lé àpò kòkó. Lẹ́yìn tí ilé ti ń jó ni táǹkì tó bú. N kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí bàbá mi ni wọ́n."

Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ wolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn la ẹnu, Bàbá gbé ọwọ́ tí a fi aṣọ dì sókè, ó sì pa ẹnu dé. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n nítorí Bàbá. Bàbá ní, "Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀. Bó ṣe wí ni kó rí." Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná, wọ́n lọ sí Ìjan, ìlú ìyá wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ará ìjọ bá mi kẹ́dùn gan-an, pé irú bàbá wo ni mo ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ rọ omi kún táǹkì. Ẹ má jó irin nínú ilé tí ènìyàn ń sùn. Bí àgbàlagbà kan bá gbé omi sẹ́nu ọ̀nà yín, ohunkóhun tó wù kó kí lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi náà wà níbẹ̀. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tí mo tàn jẹ, kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n dá orúkọ rere bàbá mi padà. Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí níwájú ìjọ. "Lẹ́yìn tí mo bá kú" ni mo kọ́kọ́ kọ síbí; mo ti pa á rẹ́.

Lánàá, mo kà á fún Àtinúkẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo ń retí igbe rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló ń ṣẹ́, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo kà á tán, ó bi mí pé, "Bàbá Fúnṣọ́, ta ni ẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?" Mo ní fún gbogbo àdúgbò, tí wọn kò mọ̀.

Ó ṣẹ́ ẹyọ kan sí i, ó gbọn èèpo rẹ̀ kúrò lára aṣọ. "Bí alágbẹ̀dẹ kan bá kú ládùúgbò yìí, àwọn tó kù kì í fẹ́ ẹwìrì fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹrin tí Bámgbóyè kú ni ilé jó. Láti Ọjọ́ Ajé ni àgbẹ̀dẹ Bàbá ti tutù."