Agun-òpó Tó Di Purofẹ́sọ̀

Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, níbi ẹ̀rọ tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́ ní Àyèká, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá méjì tó tò síwájú mi.

“Ṣé o rí ọmọ wa tó di purofẹ́sọ̀ iná mànàmáná ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá,” ni ọ̀kan bèèrè, “àbí ìtìjú ò jẹ́ kí o wò ó?”

“Ojú kí ló fẹ́ tì mí?”

“Ṣebí ìwọ lo lé e nígbà tó wá tọrọ ọmọ rẹ.”

“Ó ní iṣẹ́ iná lòun fẹ́ lọ kọ́. Àwọn oníná tí mo mọ̀, orí òpó ni wọ́n máa ń wà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ agun-òpó, opó ló máa dà.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bá fẹ́ agun-òpó! Akọ̀wé kóòtù tí o wá fa ọmọ rẹ fún kò gun òpó, kò sì kú. Ilé obìnrin mìíràn ló kàn ń sùn.”

Èkejì ní, “Purofẹ́sọ̀ náà wá dọ̀bálẹ̀ kí mi lánàá.”

“Kí ló wí?”

“Ó dúpẹ́ ni. Ó ní ká ní mo fún òun lọ́mọ mi ni, òun ì bá jókòó ti iṣẹ́ tíṣà tí òun ń ṣe ní Igbódìgò nígbà náà, òun kì bá tí rí ìlú òyìnbó. Ó ní ó yẹ kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ ní yunifásítì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run san án fún mi.”

“Kí lo wá fèsì?”

“Ọmọ mi tí mo fi dù ú dúró tì mí, ó ń gbọ́. Mo ní, ‘Àmín.’”