Ègé Aṣọ Tó Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó fi aṣọ bo ìhòhò ọmọ Ádámọ̀, tó sì fi ọgbọ́n abẹ́rẹ́ sí ẹ̀dá lọ́wọ́. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Òjíṣẹ́ ńlá, ẹni tí gbogbo ìlú fọkàn tán kó tó di pé ìmísí Ọlọ́hun dé bá a. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà lórí ẹní níwájú, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn gàgá lọ́hùn-ún, asàláámù àlékùmù.

Ọ̀rọ̀ àmánà ni mo gbé wá lónìí. Kí ni àmánà? Ohun tí ẹnìkan fi sí ọ níkàáwọ́ tí kì í ṣe tìrẹ ni. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀. Bó jẹ́ ègé aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi yìí lọ, àmánà ni, Ọlọ́hun sì ti pàṣẹ pé ká dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo rí àwọn télọ̀ mélòó kan níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ti ń wolẹ̀. Ẹ má wolẹ̀ o. Ẹ gbójú sókè. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ, orí yín á sì wú.

Ìlú Ìwó ló ti ṣẹlẹ̀. Múníratù lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ráfíà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Ráfíà lọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun dá sí fún un. Làsísì lọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Kì í ṣe télọ̀ yẹpẹrẹ o! Bó bá rán búbá fún ọ, tó o bá wọ̀ ọ́ lọ kírun ọdún, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lórí sáàfù á máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ dípò kó gbájú mọ́ ìrun rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni Làsísì fi ń ránṣọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ti Múníratù. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ, láti kékeré, pẹ̀lú ìfọ́tí nígbà mìíràn. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá gbà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà, ó sì tò gbọọrọ bí ẹni pé okùn ni wọ́n ta sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ìdílé kan wá láti Ẹ̀dẹ wá tọrọ Ráfíà, Múníratù ní, “Ọmọ mi kò ní gbé aṣọ ìbora tí wọ́n rà lọ́jà wọlé ọkọ. Ọwọ́ mi yìí ni n ó fi rán an.”

Kí ló fẹ́ fi rán an? Ègé aṣọ ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Làsísì máa ń gbé àpò kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ègé àǹkárá wà níbẹ̀, ègé léèsì, ègé gíní, ègé àdìrẹ.

Múníratù bi í pé, “Bàbá Ráfíà, níbo lẹ ti ń rí gbogbo èyí?”

“Èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà ni. Wọ́n ní n máa dà á nù.”

“Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí tiwọn.”

Ẹ gbọ́ o! Obìnrin yìí tún ń ṣàdúrà fún wọn. Kò mọ̀ pé bí aṣọ ọ̀pá mẹ́rin bá tó èèyàn, ọ̀pá márùn-ún ni ọkọ òun ń ní kí wọ́n mú wá. Kò mọ̀ pé bí oníbàárà bá béèrè èyí tó kù, Làsísì á la ọwọ́ méjèèjì á ní, “Ó ti tán síbẹ̀ o, Àlàájà. Díẹ̀ ló kù kó má tó.” Ṣé ẹ ti gbọ́ irú gbólóhùn yẹn rí? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn gàgá, mo gbọ́ ẹ̀rín yín.

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni Múníratù fi rán aṣọ ìbora yìí. Ó gé àwọn ègé náà ní onígun mẹ́ta, ó ń tò wọ́n sórí ẹní, ó ń tú wọn, ó tún ń tò wọ́n, títí pupa fi bá aró mu, tí àwọ̀ ewé fi jókòó síbi tó yẹ ẹ́. Ó rán wọn pọ̀ di ìràwọ̀, ìràwọ̀ ńlá kan láàárín, kéékèèké yí i ká. Aṣọ funfun ló fi tẹ́ ẹ nínú. Nígbà tó já òwú ìkẹyìn, ó ká aṣọ náà sórí itan, ó sì fi ẹnu kàn án.

Ọjọ́ Àlàmísì tó ṣáájú ìsoyìgì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwọn obìnrin àsàlátù wá wo ẹrù ìyàwó. Múníratù na aṣọ ìbora náà sórí okùn láàárín àgbàlá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí i lára. Àwọn obìnrin pariwo, “Súbúhánàllà!” Òmíràn ń fọwọ́ pa á, òmíràn ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá á rí ibi tí òwú ti ta kókó. Kò rí i. Múníratù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ gbera, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Àlàájà Sàláwà, olórí àwọn àsàlátù, sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan kan ìràwọ̀ àárín.

“Ìyá Ráfíà, ègé yìí jọ aṣọ mi.”

Múníratù rẹ́rìn-ín. “Aṣọ jọra, Àlàájà.”

“Eléyìí kò jọra. Mẹ́kà ni mo ti rà á. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìwó. Ọkọ rẹ sọ fún mi pé kò tó, ìyẹn ni apá búbá mi fi mọ sí ìgúnpá.”

Obìnrin kejì ní, “Léèsì mi rèé.”

Ẹnìkẹta ni Hàbíbátù, opó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ sókè. “Agbádá ọkọ mi tó lọ bá Ọlọ́hun nìyí. Mo gbé e fún Télọ̀ pé kó fi rán búbá fún mi, kó fi èyí tó kù rán fìlà fún àbúrò ọkọ mi náà, ẹni tó wọ inú sàréè lọ gbé e tẹ́. Ó ní kò kù rárá.”

Àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ pa aṣọ náà ká ọwọ́ wọn kúrò. Múníratù wo aṣọ náà. Ègé tó gbàdúrà lé lórí, ègé tó fẹnu kàn, ó wá dà bí ẹni pé gbogbo wọn ya ojú, tí wọ́n ń wò ó.

Àkókò náà gan-an ni Làsísì wọlé láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó bínú.

“Ègé! Nítorí ègé lásán? Kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi ègé aṣọ ṣe?”

Ẹ bá mi dá a lóhùn o. Ó ń béèrè ohun tí èèyàn lè fi ègé ṣe, aṣọ ìbora sì nà gbalaja lẹ́yìn rẹ̀!

Àlàájà Sàláwà rí ojú Múníratù, àánú ṣe é. Ó ní, “Ìyá Ráfíà, mo yọ̀ǹda tèmi. Yìgì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ká aṣọ rẹ kúrò lórí okùn, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.”

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀. Ìwọ tó jókòó yìí, ṣé o kò ní gbà á? Múníratù sún mọ́ okùn, ó sọ aṣọ náà kalẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì ní kí wọ́n bá òun mú sísọ́ọ̀sì.

Ráfíà bú sẹ́kún. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u!”

“Dákẹ́, ọmọ mi. Ìwọ kò ní fi ohun olóhun bora lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ọkọ.” Ó wá kọjú sí Àlàájà. “Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ wà níbí. Ègé tó wà lára rẹ̀ lé ní igba. Àwọn tí kò sí níbí, ta ló máa bá mi bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ àlùkìyámà?”

Ó já òwú àkọ́kọ́. Òwú tó fi oṣù mẹ́rìnlá rán! Làsísì fẹ́ bọ́ sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Ráfíà, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ máa pe orúkọ wọn fún mi.” Ọkùnrin yìí wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí ohun kan níbẹ̀ tí kò rí rí. Ó jókòó sórí àpótí. Télọ̀ kì í gbàgbé aṣọ. Múníratù á gbé ègé kan sókè, á ní, “Eléyìí ńkọ́?” Làsísì á dáhùn láìgbójú sókè, “Ti Ìyá Gàníyù ni.” “Eléyìí?” “Ti ìyàwó Búsàrí.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gárìbí. Lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ kejì, wọ́n ṣe èyí tó kù. Múníratù di ti olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tò wọ́n sínú agbọ̀n.

“Bàbá Ráfíà, ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Èmi? Kí n máa kiri ilé oníbàárà kí wọ́n máa pè mí lólè? Mi ò lọ.”

“N ó dá lọ.”

Ó sì dá lọ. Ó gbé agbọ̀n rù, ó ń wọlé, ó ń jáde, nínú oòrùn. Bàbá kan jágbe mọ́ ọn pé, “Olè lọkọ ẹ!” Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ohun yín rèé.” Kí lẹ fẹ́ kí bàbá yẹn tún sọ? Ó na ọwọ́, ó gba ègé rẹ̀. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń dá ègé padà. Àwọn mìíràn sunkún. Ọ̀pọ̀ ló ní, “Mo fi sílẹ̀ fún ọ, hàláálì ni.” Nílé Hàbíbátù, kò kàn gbé ègé kalẹ̀ kó máa lọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ láti etí ìró rẹ̀, ó sì fi ègé agbádá olóògbé náà rán fìlà kó tó dìde. Hàbíbátù gba fìlà yẹn, ó sì fi lé àyà.

Ọjọ́ yìgì pé. Àwọn àna dé láti Ẹ̀dẹ. Wọ́n tú ẹrù ìyàwó wò, ìyá ọkọ sì béèrè níṣojú gbogbo èèyàn pé, “A gbọ́ ìròyìn aṣọ ìbora kan. Òun dà?”

Làsísì wolẹ̀. Múníratù la ẹnu, ṣùgbọ́n Ráfíà ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó sunkún lọ́jọ́ Àlàmísì, orí rẹ̀ wà lókè báyìí.

“Màámi ti tú u, mà. Ohun olóhun ló wà lára rẹ̀, wọn kò sì mọ̀ nígbà tí wọ́n ń rán an. Wọ́n ti dá a padà, ilé dé ilé.”

Ìyá ọkọ dìde. Ó bọ́ ìborùn tirẹ̀ léjìká, ó fi bo Ráfíà. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Ẹ̀dẹ, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ ẹni tó lè ṣe báyìí là ń mú lọ sílé. Ẹrù wo la tún ń wá?” Gbogbo ilé ké pé, “Alááhù Akíbárù!” Ẹ̀yin jàmáà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín náà. Alááhù Akíbárù!

Kò tán síbẹ̀. Àwọn oníbàárà kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Làsísì mọ́. Ọ̀dọ̀ Múníratù ni wọ́n ń gbé aṣọ lọ, sínú ilé, bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ tilẹ̀ ń pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Bó bá rán aṣọ tán, á di èyí tó ṣẹ́kù mọ́ ọn, bó tilẹ̀ kéré bí èékánná. Làsísì nìkan ló ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń nu eruku orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìyá Ráfíà, mo fẹ́ lọ.”

“Síbo, Bàbá Ráfíà?”

“Sí ilé wọn. Ìwọ lo lọ lọ́jọ́sí. Èmi kò tíì lọ.”

Múníratù fẹ́ dìde kó bá a lọ. Làsísì ní, “Jókòó. Tèmi ni.” Ó lọ, ojúlé dé ojúlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ó ń sọ pé, “Èmi ni mo jí i. Ìyàwó mi kò mọ̀.” Nígbà tó padà dé, eruku ti bo àyà agbádá rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Múníratù wo eruku yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò tíì rí ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ tó yẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó bu omi fún un, ó sì sún fún un lórí ẹní.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi iṣẹ́ yín yangàn, mo fún yín láyè. Ìgbéraga ni hàràámù. Kí inú rẹ dùn sí iṣẹ́ tó mọ́, kí o lè nà án síta láàárín ọ̀sán láìbẹ̀rù ẹni tó máa wọlé, ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun fún ọ nìyẹn. Ẹ̀yin télọ̀, bẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo ìdí àpótí yín. Ẹ̀yin alápatà, ẹ wo òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ wo ohun tó wà nínú àpò tẹ́ ẹ gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì. Tùúbà kò gba aṣojú, ìwọ ni kí o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ.

Ìwọ Ọlọ́hun Ọba, má jẹ̀ẹ́ kí ohun olóhun sùn mọ́jú nílé wa. Fún wa ní ìyàwó tó lè sọ òótọ́ fún wa, fún wa ní ọkàn tó lè gbà á. Ẹni tó ti ṣìnà nínú wa, mú un lọ́wọ́ lọ sí ojúlé tó yẹ kó lọ. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọkọ́, iṣẹ́ kálámù, jẹ́ kí ó mọ́ lọ́wọ́ wa títí a ó fi padà sọ́dọ̀ Rẹ. Àmín, yá Ọlọ́hun.