Ẹran Tí Mo Ń Jù Sí Tanímọ̀la

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá síbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ wá. Ajá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ènìyàn ni mo bà jẹ́. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹni tí ó yẹ kí n sọ ọ́ fún, kò gbà mí gbọ́. Ó ti sú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Wándé ni orúkọ ẹni tí mo bà jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ ajá fún ìdíje ìgbọràn. Níbi ìdíje yìí, ajá yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ rẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀. Yóò jókòó tí wọ́n bá ní kí ó jókòó. Yóò dúró sójú kan títí wọn yóò fi pè é. Adájọ́ yóò sì máa fún un ní máàkì.

Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé Bàbá Onílé wa, ní ojú ọ̀nà Ailegun, nílùú Èkó. Aṣọ iléèwé ni mo máa ń rán, inú ilé ni mo sì ti ń rán an. Bàbá Onílé ló ni ajá náà. Tanímọ̀la ni ó sọ ọ́, nítorí àwọn kan ládùúgbò tí wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà tí kò tíì kọ́lé. Tani ni gbogbo wa ń pè é.

Àràárọ̀ ni Wándé máa ń wá. Yorùbá ló fi ń kọ́ Tani. Jókòó. Dúró. Fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n Bàbá Onílé kì í rántí Gẹ̀ẹ́sì tí inú bá ń bí i.

Mùsùlùmí ni wá. Tí itọ́ ajá bá kan aṣọ mi, mo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí n tó fi kírun. Gbogbo ilé mọ̀ mí mọ́ èyí. Tí Tani bá wà níwájú ilé, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa, èmi ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin tí ajá wà lágbàlá wọn.

Nígbà tí ìdíje ọdún tó kọjá ń bọ̀, Wándé kó gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún ajá yìí lóúnjẹ, ì báà jẹ́ èérún búrẹ́dì. Ẹ má sì ju nǹkan jíjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Olè kì í fi ọwọ́ bọ́ ajá. Ńṣe ló máa ń ju ẹran onímájèlé wọlé láti orí fẹ́ǹsì." Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ̀yin ò sí nínú àwọn tí mò ń bá wí o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ó yé yín pé mo gbọ́ òfin náà. Etí mi kò di.

Abẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀kánkán ilé ìdáná mi, ni wọ́n máa ń so Tani mọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹran kan bọ́ lọ́wọ́ mi sínú yanrìn. Mo fẹ́ gbé e sọnù. Ajá náà ń wò mí. Mo jù ú sí i.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ṣe é rèé. Mo máa ń ká etí aṣọ mi sókè, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì máa ń fi ọwọ́ ju ẹran náà láti ìsàlẹ̀. N kì í sún mọ́ ọn. N kì í fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀. Nítorí pé itọ́ rẹ̀ kò kàn mí, mo gbà lọ́kàn mi pé n kò ṣe nǹkan kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n kò fún ajá lóúnjẹ, ohun tí mo fẹ́ sọnù náà ni mo ń sọnù. Bí mo ṣe ń ṣọ́ ìmọ́tótó mi, n kò ṣọ́ òfin Wándé.

Iléyá dé, ẹran pọ̀ nílé. Mo ń jù ú lójoojúmọ́. Tani bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Wándé rí i, kò sì mọ ìdí rẹ̀, ó bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ebi wá ń pa ajá náà ní ọ̀sán, ó ń sunkún níwájú ilé ìdáná mi. Àánú ṣe mí, mo fi kún èyí tí mo ń jù. Ó tún sanra sí i. Wándé tún dín in kù. Bí ó ṣe ń dín in kù ni mò ń fi kún un. Mo máa ń gbọ́ tí ó ń bá ajá náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀: "Tani, kí lò ń jẹ? Ṣé afẹ́fẹ́ lò ń jẹ ni?" Mo wà nídìí máṣíìnì mi, mò ń ránṣọ lọ.

Mo ní àánú ṣe mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí mo bá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, Tani yóò jókòó. N kì í sọ nǹkan kan. Yóò jókòó ṣinṣin, etí rẹ̀ yóò nà, yóò máa wo ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nínú ilé mi, mo lè pe ọmọ títí kí ó tó dáhùn. Ọkọ mi a máa dá mi lóhùn nígbà tí mo bá ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ajá yìí ń gbọ́ tèmi láìjẹ́ pé mo lanu. Ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń fi ẹran náà pamọ́ sí ọwọ́ díẹ̀ kí ó lè pẹ́ níjòókòó. Ìyẹn gan-an ni mo ń jù ú fún nígbà tó yá.

Pápá iléèwé kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Bàbá Onílé ní kí gbogbo ilé wá wò ó. Mo jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Tani ṣe dáadáa. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wándé bí òjìji rẹ̀. Wándé ní kí ó dúró, ó sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn kíláàsì kan. Tani kò mira. Bàbá Onílé ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í: "Ajá mi nìyẹn o. Ajá mi nìyẹn." Máàkì rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ó wá ku ti ẹran. Àlejò kan yóò ju ẹran sílẹ̀, ajá kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Wándé ti dán èyí wò nílé lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló máa ń bẹ̀ pé kí ó bá òun jù ú. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù bíi tèmi ni adájọ́ rán jáde lọ́jọ́ náà. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè kí ajá má bàa fi ara kàn án. Ó ju ẹran díndín náà láti ìsàlẹ̀, bí èmi ṣe máa ń jù ú gẹ́lẹ́.

Tani jókòó. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹran náà mì.

Wándé kígbe pé, "Fi í sílẹ̀," ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ipò kìíní ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ó wá burú sí nìyí. Tani gbójú sókè, ó rí mi lábẹ́ àtíbàbà, ó sì sáré wá jókòó síwájú mi. Mo kó aṣọ mi jọ, mo fà sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, "Ẹ wo ajá òpònú yìí. Nínú gbogbo wa, Ìyá Ràfíátù tí kò fẹ́ rí ajá ló sáré tọ̀ lọ." Èmi náà rọra rẹ́rìn-ín.

Bàbá Onílé kò dúró dé ilé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. "Ajá tó yó kì í jẹ nílẹ̀. Ẹran tí mo ń rà, ṣé Tani ló ń jẹ ẹ́ àbí ìwọ?"

Wándé ní, "Bàbá, ẹ wo ikùn ẹ̀. Ṣé ikùn ajá tí ebi ń pa nìyẹn? Ẹnìkan ló ń fún un."

"Ìwọ lo ní ká dín in kù. Èyí tí o dín kù, ta ló jẹ ẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì, Wándé lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn búra. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, kò tilẹ̀ bi mí bóyá èmi ni. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà nílé lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rí?"

Mo ní, "N kò rí ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ ni. N kò rí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ kan wà tó burú ju irọ́ lọ.

Bàbá Onílé lé e. Ó fa Tani lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní Mafoluku. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Àwọn tó máa ń jókòó sídìí fọkanáísà ní orí òpópónà wa sọ Wándé ní Alábàájẹ Tani. Tí ó bá ń kọjá, wọn a ní, "Alábàájẹ Tani, ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti jẹun lónìí?" Kò sí ẹni tó tún gbé ajá fún un. Ó ń ru ẹrù báyìí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní ibi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ìsọlọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ó wá sílé mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ ajá mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rere kan lẹ́nu Bàbá Onílé kí oṣù yìí tó parí. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màámi, nínú gbogbo ilé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo bí ó ṣe rí lára mi. N kò lè sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo lọ bá Bàbá Onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo ń ju ẹran sí Tani.

Ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ràfíátù, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ẹ̀yìn ilé nítorí ajá? Àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹ má parọ́ mọ́ ara yín nítorí olè."

Mo tún un sọ. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ká etí aṣọ mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ kí Àlàájì ọkọ yín." Mo bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, òun náà ní Ọlọ́run yóò san án fún mi pé mo ń ro ti ọmọlọ́mọ. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó bi mí ni bóyá aṣọ tí mo fi ń kírun ni mo wọ̀ nígbà tí mo ń ju ẹran náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí onílé kò ti gbà, kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí n má sọ òun di ẹni ẹ̀sín ní mọ́sálásí. Odidi ọdún kan ni n kò fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á.

Nítorí náà mo lọ sí Mafoluku. Mo díbọ́n pé mò ń wá ẹni tó fẹ́ rán aṣọ iléèwé. Wọ́n so Tani mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ti rù. Ó rí mi, ó sì jókòó. Ọkọ̀ òfurufú kan tó fẹ́ balẹ̀ ń kọjá lókè orí wa, gbogbo ajá àdúgbò ń gbó, òun kò yẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ìyàwó ilé náà ní, "Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, mà. Kì í bu ènìyàn jẹ. Kò wúlò fún nǹkan kan, ìjókòó náà nìkan ló mọ̀." Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo yípadà. Nígbà tí mo dé kọ́nà, mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì jókòó.

Mo mọ̀ báyìí pé tí Bàbá Onílé bá bá mi débẹ̀, tí ó rí bí ajá yẹn ṣe ń jókòó fún mi, kò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ní ìjókòó lásán ni, àyàfi tí Wándé tó mọ ìṣe ajá bá wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Èyí túmọ̀ sí pé Wándé ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún. Òun tó ní èmi nìkan ni n kò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù yóò sì gbọ́ ọ, ọkọ mi yóò sì bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú Wándé? Ṣé kí n tako ọ̀rọ̀ ọkọ mi kí n lọ? Oṣù ti ń parí lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí mo lè ṣe, kí ó sọ ọ́ fún mi bó ti wù kí ó korò. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́ bú mi. Ẹ ṣáà má sọ pé àánú mi ló pọ̀ jù. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi nílé, kò sì ran Wándé lọ́wọ́.