Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Tí A Ń Dà Nù

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin àgbà onímọ̀ ìṣègùn, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ọkọ mi tó fara da òórùn eku lára mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀yin ọmọ yàrá ìwádìí, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tayọ̀tayọ̀.

Ta ni ìbá gbà pé a ó pé jọ lónìí láti dúpẹ́ nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Nígbà tí mo dé yàrá wa, bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ lára eku tó ti borí kòkòrò àfòmọ́, omi tó mọ́ lókè là ń tọ́jú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ là ń dà nù. Gbogbo wa gbà pé inú omi yẹn ni ìwòsàn wà. Ṣùgbọ́n àwọn eku mìíràn tí a fún ní omi náà ń kú ṣáá bí kòkòrò bá ti wọ̀ wọ́n lára, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ ti yàrá wa pa.

Mo ní n ó dán ti ìsàlẹ̀ wò. Alága wa yìí, ọ̀gá mi nígbà náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìdọ̀tí lo fẹ́ fi wo àìsàn?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn, sà."

"Ó dáa. Bí eku rẹ bá yè, èmi ni n ó máa fọ ìgò rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, eku yè. Ẹsẹ̀ àwọn tó gba omi wú, wọn ò lè rìn kí wọ́n tó kú. Àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń fò káàkiri nínú àgò. Sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ló ṣe é. Kòkòrò náà gbọ́n: inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa á jẹ ló ń sá pamọ́ sí, níbi tí omi ẹ̀jẹ̀ kò lè dé. Sẹ́ẹ̀lì T á wá kanlẹ̀kùn, á ní, "Onílé, dìde, ọ̀tá ń bẹ ní yàrá rẹ." Onílé á jí, á sì pa á. Wọn kò ti yàrá wa pa mọ́. Alága wa fọ ìgò títí ọdún fi yípo, wọ́n tún ń kọrin sí i. Ọ̀gá mélòó ló ń mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣẹ bẹ́ẹ̀?

Bí ogun bá parí, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á lọ. Díẹ̀ á dúró, wọn kì í gbàgbé ojú ọ̀tá. Èmi tí mò ń fẹ̀yìn tì lónìí wà lára àwọn tó ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ yàrá ìwádìí, ẹ̀yin lẹ dúró. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín yè bí eku wa ti yè. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, mo dúpẹ́ o.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dìde dúró: Alága yóò fa kọ́kọ́rọ́ ilé eku lé àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, tí yóò gba ipò mi, lọ́wọ́, lẹ́yìn náà, wọn yóò fọ ìgò mi ìkẹyìn.