Ẹsẹ̀ Mi Lọ́wọ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n jókòó tì yín díẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú mi kò ṣeé bá ará ilé sọ. Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Òkokomáíkò, kò jìnnà sí mi rárá. Kò tíì pẹ́ tí ìyàwó náà bímọ, tí ọmọ náà kò sunkún. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń gbé inú ilé kan náà bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Bí mo bá dé ibẹ̀, ọmọ mi á ní, "Màmá, a wà dáadáa." Dáadáa wo? Ọkọ ń sùn ní pálọ̀, ìyàwó ń wo ògiri, ẹ ní dáadáa! Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, mo sì mọ ohun tó yọ mí. Ṣùgbọ́n mo ti di ìyá ọkọ báyìí, kò sì sí ohun tí ìyá ọkọ lè sọ tí wọn ò ní túmọ̀ sí nǹkan mìíràn.

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí bàbá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di lẹ́kúrà, la kó wá sí ẹ́síteètì Ìbà. Ayé ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ó dùn! Iyanrìn funfun ló wà níwájú ilé gbogbo. Igbó ṣì wà lọ́nà Igbó-Elérin, àwọn ọmọ wa ń lọ ká máńgòrò níbẹ̀, wọ́n á padà wálé pẹ̀lú ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ará Èkìtì àti ará Oǹdó ló pọ̀ jù nínú wa, tísà, lẹ́kúrà, òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí ẹnìkan bá se ẹ̀wà, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ ló máa bá a jẹ ẹ́. Èmi jẹ́ tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi mú bí abẹ. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A bá ara wa mu, torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí á máa gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti lóyún àkọ́kọ́. Obìnrin ni mo bí. Òun náà kò sunkún.

Àwọn àgbà wá kí wa. Wọ́n ní, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ mi rí ọmọ náà rárá, wọn ò sì jẹ́ kí èmi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n ní kí n má sunkún, kí n má baà lé èyí tó ń bọ̀ sá. Ẹnìkan kó àwọn aṣọ tí mo ti rà lọ, títí di òní mi ò mọ ẹni náà. Ọkọ mi padà síbi iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ọmọ náà, èmi náà kò sọ ọ́. Nígbà tó yá, a ò rí nǹkan mìíràn sọ mọ́. Oorun dá lójú mi. Àyà mi wúwo. Nínú gbogbo ooru Èkó yìí, ẹsẹ̀ mi ń tutù bí ẹni tó dúró sínú odò. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi dára, ọkàn mi dára, kí n lọ sinmi. Mo sinmi títí, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan ọkọ mi ní òun ń ronú láti wá yàrá kan sí ìtòsí yunifásítì, kí òun lè máa ráyè kàwé. Ìwé wo? Mo mọ̀ pé ilé mi ló ń tú.

Obìnrin ará Oǹdó kan ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ kàwé ní Ṣáínà, òun náà bá a lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò sì kọ́ ọ ní ìtọ́jú ara lọ́nà tiwọn. Ìyá Ṣáínà ni gbogbo wa ń pè é. Láràárọ̀, á dúró sórí iyanrìn lẹ́yìn ilé rẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, á sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Àwọn ọmọdé ní ó ń lé eṣinṣin. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹgbẹ́ awo ló ń ṣe. Òun ló dá mi dúró lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń pọn omi. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi ìka lé ọrùn-ọwọ́ mi, ó wá bi mí pé ta ni mò ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí! Mo bú sẹ́kún nídìí omi ẹ̀rọ, mo gbàgbé bókẹ́ẹ̀tì mi síbẹ̀.

Ó mú mi wọlé, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ ọ, wọn kì í ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọkàn. Wọ́n gbà pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ìbànújẹ́ ń gbé, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi wúwo, àti pé ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ọwọ́ lé ikùn, kí n mí sínú títí ikùn á fi wú, kí n sì jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má bá ìbànújẹ́ jà, pé omi kì í bá òkúta jà, ńṣe ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló bu ewé gbígbẹ kan láti inú agolo, ó ní kí n gún atalẹ̀ mọ́ ọn, kí n fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa tẹ àárín àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo ní màá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó mi orí.

"Èémí, ìwọ ló máa mí i fúnra rẹ," ó ní. "Ẹsẹ̀ yìí, ẹni tí ẹ jọ pàdánù ni kó fọwọ́ kàn án."

Ha! Ọmọkùnrin Èkìtì, lẹ́kúrà, kó máa fọ ẹsẹ̀ ìyàwó? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, mo ti ń retí pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí kíṣìnì, ó tan sítóòfù.

Tí mo bá ń rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn, omi ló máa ń bọ́ lójú mi. Á jókòó sórí àpótí, á gbé bàsíà síwájú mi, èmi á jókòó sórí àga bí olorì. Òórùn atalẹ̀ àti òórùn kẹrosíìnì á gba ilé kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ le, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ a kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò gbé ojú sókè, ó ní, "Ta ló jọ?" Mo ní, "Ìwọ ni. Imú rẹ ni." Ó di ẹsẹ̀ mi mú. A sunkún papọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìyá ọkọ mi gbà wọlé lọ́jọ́ kan, ẹni tí kò ránṣẹ́ sí wa tẹ́lẹ̀. Ó ru iṣu láti Èkìtì. Ó bá ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi lórí itan rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò! Ìyá wo ló máa rí i tí kò ní sọ pé wọ́n ti fi gbẹ̀tugbẹ̀tu mú ọmọ òun? Ó gbóòórùn omi náà, ó rí ewé tí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ó da omi náà nù, ọkọ mi gbé òmíràn kaná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, títí ó fi pè wá sí pálọ̀, tó ní kí ọmọ òun yàn: kí bàsíà yẹn jáde nílé, tàbí kí òun lọ sọ fún gbogbo ẹbí pé obìnrin ti de òun lọ́mọ. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú omi. Mo ní ó ti parí fún mi nìyẹn, torí ọkọ mi kì í já ìyá rẹ̀ níyàn.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò jẹ́ kí n rí ọmọ mi. N kò gbé e rí. Nínú omi yìí nìkan ni mo ti ń rí ẹnìkan gbé. Ẹ rò pé òun ni mò ń wò sàn, èmi ni ara mi ń yá."

Màmá jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Mẹ́rin ni tèmi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ibi tí wọ́n sin ìkankan sí." Ọkọ mi kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n mẹ́rin. Nígbà tó ṣe, ìyá náà dìde, ó fọwọ́ kan omi, ó ní ó ti tutù, ó gbé bàsíà lọ sí kíṣìnì fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń gbàdúrà lé e lórí, kó lè dá a lójú pé ẹ̀mí òkèèrè kankan ò sí níbẹ̀, kó tó gbé e padà wá. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ yàrá ìtòsí yunifásítì mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lóyún ọmọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Màmá ti lọ, Ìyá Ṣáínà ti lọ, ọkọ mi náà ti lọ. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí atalẹ̀ pa dókítà tì o, mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbànújẹ́ tí ẹ bá tì mọ́lé, ara ni á máa jẹ. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ní kó gbé omi kaná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ayé yín kọ́ nìyí. Màá ra ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹsẹ̀ fún un ní Alábà." Ẹ̀rọ kẹ̀! Ṣé ẹ̀rọ náà pàdánù ọmọ ni?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ mi, kí èmi ìyá ọkọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ mi dúró kó máa wò mí títí ojú á fi tì í? Àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà á ní mo ń ṣe é ní nǹkan. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ti ń kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú láílọ́ọ̀nù ló ń kó o sí, kí ọkọ rẹ̀ má baà fura.